Ọrùn Tó Sọnù Ní Orin

Báírò pupa ni mo kọ́kọ́ fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Tíṣà àwòrán yíyà ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ìkọ̀lé nígbà náà, bí ọ̀rúndún tó kọjá ṣe ń parí lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ ilé-ìwé, mo tún gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́: kí n máa yẹ iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ àwòrán yíyà láti ilé wọn wò, kí n máa sọ ibi tó kù sí fún wọn. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ní Ayébòdé, ní Ayégbajú, ní Orin-Èkìtì, àwọn tí kò lè torí ìwé fi ọmọ àti oko sílẹ̀ lọ gbé ìlú ńlá. Wọ́n á ya àwòrán nílé, wọ́n á ká a, wọ́n á fi ìwé àpò sìmẹ́ńtì wé e, wọ́n á fi lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Dírẹ́bà á já a sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì Ìkọ̀lé, èmi á sì yà gbà á tí mo bá ń ti ilé-ìwé bọ̀. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa lò, àbí ẹsẹ̀ ẹlòmíì.

Báírò pupa kò ṣe wá lóore. Bí mo bá kọ "òjìji dà?" sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé mo bá òun jà ni. Ọkùnrin kan ní Ayégbajú sọ fún mi nígbà tó yá pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lòun ń kó àwọn bébà náà sí, kí ìyàwó òun má baà rí gbogbo pupa yẹn kó máa rò pé òun ń féèlì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni pé ìkọ̀wé mi kò dára. Ẹni tó kọ́ mi ní ìkọ̀wé, Ọlọ́run á bi í.

Ọkọ mi ló rí ọ̀nà àbáyọ, láìmọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi àwòrán màlúù kan kọ́ ara ògiri, mo ń bá a wí: "Ìwọ màlúù yìí, ẹsẹ̀ rẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣé tábìlì ni ọ́?" Ọkọ mi pariwo láti pálọ̀ pé ta ni mò ń bá jà. Mo ní àwòrán ni.

"Ẹni tó ni àwòrán ò kúkú gbọ́," ó ní. "Gba ohùn ara ẹ sílẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí i, kí gbogbo wa lè sinmi."

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Èmi gbà á gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo ní rédíò kan tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, tó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa fi kásẹ́ẹ̀tì kan sínú ẹrù àwòrán rẹ̀. Ta ló fẹ́ ra tuntun? Èyí tó ti wà nílé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́: ìwàásù pásítọ̀, wáàsí àlùfáà, orin kọ́yà, ìsọmọlórúkọ. Wọ́n á fi bébà dí ihò méjì tó wà lórí rẹ̀ kó lè gba ohùn tuntun. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ tèmi bá ti parí, pásítọ̀ á gbà á lẹ́nu mi láàárín gbólóhùn, á máa bá ìwàásù rẹ̀ lọ bí ẹni pé èmi ni mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Mo gbádùn iṣẹ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹlẹ́nu ni mí, n kò sẹ́. Bí mo bá ti tẹ rédíò, tí mo wo àwòrán lójú, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá, ibi tó yẹ kí ọwọ́ fúyẹ́ lórí pẹ́ńsù, ìdí tí igi kò fi gbọdọ̀ dúró bí ìgbálẹ̀. Mo ń bú, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń yìn níbi tí ìyìn bá tọ́. Iṣẹ́ wọn sì ń dára sí i. Màlúù tó dà bíi tábìlì padà di màlúù, ó tiẹ̀ fẹ́ kàn.

Nínú gbogbo wọn, ẹrù ẹnìkan ni mo máa ń kọ́kọ́ tú: ti tíṣà obìnrin kan ní Orin. Ìyàwó ilé ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé, ó ń tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sóko ẹ̀gẹ́ ní Sátidé. Síbẹ̀, tó bá ti gbé pẹ́ńsù lé bébà, wàá rò pé kò níṣẹ́ mìíràn láyé. Ó ti dé ìpele ìkẹyìn. Iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n fún wọn ni pé kí wọ́n ya ẹnìkan náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Kì í ṣe èèyàn mẹ́fà o, ẹnìkan ṣoṣo, kí a lè rí i bóyá ojú wọn ti mọ èèyàn náà dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń yà, ìyá arúgbó kan tí wọ́n jọ ń gbélé. Ojú ìyá náà dára fún àwòrán. Ẹnu rẹ̀ máa ń pa dé bíi ti ẹni tó ń wá èsì tó máa dùn ún sọ.

Nínú àwòrán kẹta, ìyá náà jókòó sórí àga onígi, ọwọ́ lórí itan. Ojú rẹ̀ dára gan-an. Àmọ́ kò sí ọrùn. Orí jókòó tààrà lé èjìká bí ìkòkò lórí ààrò. Mo tẹ rédíò, mo ní: "Ìyá yìí, ọrùn wọn dà? Ta ló gbé ọrùn ìyá arúgbó lọ? Àti ọwọ́ yìí, ṣé ọwọ́ ni àbí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́?" Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara mi, mo wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi gígùn orí wọn gígùn ọrùn, mo sì dì í ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ Orin lẹ́nu. Ẹrù kò wá. Mo ń bi ìyá oníbúrẹ́dì léèrè títí ó fi jẹ́ pé tó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò ti máa mi orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, kò tètè dìde.

"Mà, Màmá ní àwọn ò jókòó fún mi mọ́."

Kí ló dé? Ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó fi ránṣẹ́ sí mi, ti ìyá ọkọ rẹ̀ ni, orin ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì padà dé, akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì ráyè gbọ́ ọ tí ọjọ́ Ìsinmi fi pé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá kí Màmá lọ́sàn-án, Màmá ní kí wọ́n fi orin ìkórè sí i káwọn àlejò gbọ́. Gbogbo wọn fẹ̀yìn tì, wọ́n ń retí orin. Ohùn mi ló jáde: "Ìyá yìí, ọrùn wọn dà?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, kí n má purọ́.

"Wọ́n ní wọ́n bú àwọn nínú rédíò, mà. Mo ṣàlàyé títí pé kásẹ́ẹ̀tì ni, pé kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ìyá ẹgbẹ́ àwọn tó gbọ́ ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣèèyàn ni?"

"Mi ò bú ìyá ọkọ rẹ," mo fèsì, inú ti ń bí mi díẹ̀. "Àwòrán ni mo bú."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, mà. Wọ́n ní ta ló wà nínú àwòrán náà?"

Mo fa àga sílẹ̀ fún un.

Ó ku àwòrán mẹ́ta, ìparí àsìkò òjò sì ni wọ́n máa kó iṣẹ́ jọ. Kò lè pààrọ̀ ẹni tó ń yà, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sì parí lọ́tẹ̀ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni yóò padà sí, ọkọ rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni òun lè gbà á láyè mọ. Ó ní òun ò wá bẹ̀ mí, òun wá dúpẹ́ ni, torí òun ti fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsù kan tí mo ti fún un tẹ́lẹ̀ nínú báàgì, ó nà án sí mi.

Ó dùn mí wọra. N kò gba pẹ́ńsù. Mo ní kó máa lọ sílé, pé n ó wá ní Sátidé.

"Wá ọrùn náà rí o," ni ọkọ mi wí bí mo ṣe ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ra búrẹ́dì ní gáréèjì, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfàkì, mo wọ òmíràn lọ sí Ìdó, mo gun ọ̀kadà wọ Orin. Wọ́n sá kòkó sí etí títì, òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú, mo sì ń to àwíjàre mi bọ̀ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá náà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ gbọ́ àléébù rẹ̀, pé ìfẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́. Mo ti tò ó dáadáa, ó dùn létí ara mi.

Ìyá náà jókòó sí iwájú ilé, lórí àga onígi inú àwòrán gan-an, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ kú ilé, mà, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú iṣẹ́. Kò gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kàn dúró lórí ẹ̀gúsí.

"Ohùn yìí," ó ní. "Mo mọ ohùn yìí. Ìwọ ni rédíò."

"Èmi ni, mà."

"Ulé onílé, tí o bá wọ ibẹ̀, kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?"

"N ó kí onílé ni, mà."

"O wọ ulé mi lọ́jọ́ yẹn. Àlejò wà ńlẹ̀. Kú ulé, o ò kí. Kú ujókòó, o ò kí. Ọ̀rọ̀ ọrùn lo bá wọlé."

Gbogbo àwíjàre tí mo tò láti Ìfàkì ló tú ká. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ọrùn ló ń bí ìyá yìí nínú. Kì í ṣe ọrùn rárá. Ohùn àjèjì wọ ilé rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀yà ara rẹ̀ lójú àlejò. Bí ọmọ tèmi bá ṣe bẹ́ẹ̀ nílé aládùúgbò, pàṣán ni n ó fi kí i káàbọ̀. Mo ní kí ó má bínú, ó sì ti ọkàn mi wá.

Ó ní òun ti gbọ́. Ó gba búrẹ́dì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dìde, ó sì fi ọwọ́ gbá àga náà.

"Ó yá, jókòó. Ìyàwó mi á yà ọ́. Èmi ni n ó sọ̀rọ̀ sí rédíò lónìí."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Ọmọ rẹ̀, ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi, gbé rédíò jáde, ó fi bátìrì sí i. Àwọn aládùúgbò méjì mẹ́ta fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé pátákó rẹ̀ lé orókùn, ó sì fi ojú pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní àwòrán, n kò jókòó fún ẹnikẹ́ni rí. Àṣé iṣẹ́ ni. Eṣinṣin bà lé mi nímú, ìyá náà ní kí n má mira. Ìbàdí ń ro mí, ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Mo ń na ara mi, ara náà tún ń rọ̀ padà, títí mo fi gbàgbé pé ó yẹ kí n máa nà án. Oòrùn ti yí lórí ilé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó sọ pé òun ti parí.

Wọ́n gbé àwòrán fún Màmá. Ó nà án jìnnà sí ojú, ó ní kí wọ́n tẹ rédíò. Ó kọ́kọ́ kí.

"Ẹ kú ulé o, ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé. Ọkọ olùkọ́, mo kí ọ o. Ẹ̀yin ọmọ olùkọ́, ṣé ẹ jí ire? Ẹ kú uṣẹ́, ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó kí ìyá oníbúrẹ́dì torí búrẹ́dì. Ó kí ọ̀gá ilé-ìwé mi tí kò mọ̀ rí. Ìgbà tí ìkíni tán ló tó bọ́ sórí iṣẹ́.

"Umú yìí tóbi, àmọ́ mo ti wo ẹni tó ni ín, bó ṣe tóbi náà nìyẹn. Etí kan ga ju ìkejì lọ bíi ti ewúrẹ́ tó gbúròó ẹ̀gẹ́."

Àwọn aládùúgbò ti ń rẹ́rìn-ín. Màmá tún na àwòrán náà jìnnà sí ojú. Ó wo àwòrán, ó wò mí, ó tún wo àwòrán. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó fọwọ́ di àyà mú.

"Olùkọ́," ó wí sí rédíò, "ọrùn ẹ dà?"

Mo já àwòrán náà gbà. Òótọ́ ni. Èmi nìyí, ojú mi, imú mi, etí ewúrẹ́ mi, orí mi sì jókòó tààrà lé èjìká. N kò ní ọrùn.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ìdí rẹ̀ ń yé mi, torí ọrùn ọ̀hún ṣì ń dùn mí. Ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ yà, ó sì máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa dé ọrùn, ó ti rẹ ẹni tó jókòó, èjìká ti gòkè, ọrùn ti wọlé lọ. Ohun tó rí ló yà. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fi ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàmì sí orí, ọrùn àti èjìká nígbà tí ara ẹni náà ṣì le, kó tó bọ́ sórí ojú. Kó sì jẹ́ kí ẹni náà máa dìde na ara.

"Kó jẹ́ kí ó máa dìde," ni Màmá gbà á lẹ́nu mi. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Udí ń ro mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, Màmá?" ni akẹ́kọ̀ọ́ mi bi í.

"Mi ò fẹ́ ba uṣẹ́ ẹ jẹ́ ni."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹjú mọ́ bébà. Ó ti ń rò pé ìyá ọkọ òun kàn ń gba òun láyè ni. Kò mọ̀ pé ó ń fara da ìrora kí òun lè rí èèyàn yà. Èmi náà gbé ojú sí ọ̀nà, mo ń wo àwọn adìyẹ wọn.

Kí n tó kúrò, Màmá ní òun á jókòó, àmọ́ òun ní ọ̀rọ̀ kan: kásẹ́ẹ̀tì tó bá máa wọ ilé òun, kó máa kọ́kọ́ kí èèyàn. Mo ní ó ti tán. Ó di iṣu ńlá ńlá sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e fún ọkọ mi. Nígbà tí ọkọ mi rí iṣu náà, ó ní bóyá kí n tún lọ bú ẹlòmíì.

Láti ìgbà náà, n kò sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì mọ́ láìkí ilé. Mo ń kí akẹ́kọ̀ọ́, mo ń kí ẹni tó jókòó fún un, mo ń kí ẹni tó bá wà nítòsí. Ọkùnrin Ayégbajú yẹn, Mùsùlùmí ni, ó ní bí mo bá ti sálámà, gbogbo pálọ̀ ló ń dáhùn, àtọmọdé àtàgbà, kò sì kó nǹkan kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ọkọ mi ní ìkíni ń jẹ ìdajì kásẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó jẹ́ kó jẹ ẹ́.

Ẹrù tó kẹ́yìn láti Orin dé kí òjò tó dáwọ́ dúró. Mo fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ ara ògiri, mo fà sẹ́yìn. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, ìyá náà jókòó sórí àga onígi kan náà, ọwọ́ lórí itan, ọwọ́ èèyàn gidi. Ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó nà, ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan sì wà nínú ihò tó wà lókè egungun àyà. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi wá wò ó. Ó wò ó, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun rò pé ìyá yìí fẹ́ sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló wá ròyìn fún mi bí kásẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn ṣe wọlé. Ó ní Màmá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe àwọn ìyá ẹgbẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí wọ́n wá jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́sí. Ohùn mi jáde, mo kí Màmá, mo kí àwọn àlejò rẹ̀ tí n kò rí, mo kí ọmọ rẹ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀. Màmá tún gèlè rẹ̀ ṣe kó tó dáhùn.

"Òo, olùkọ́, o kú uṣẹ́ o." Ó kọjú sáwọn àlejò. "Ó yá, kó máa bú ọrùn mi."

Mo ní nínú kásẹ́ẹ̀tì pé ọrùn ti dé, ọwọ́ ti dé, iṣẹ́ náà ti yege, n ó sì fọwọ́ sí i bó ṣe wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òun kígbe, ọkọ òun gbé òun sókè, orin ìkórè gbà á lẹ́nu mi, àwọn ìyá ẹgbẹ́ dìde, wọ́n ń jó. Màmá nìkan ni kò dìde. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó sì ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo sọ fún un," ó ní, "pé mo ní ọrùn."